Irun Orímisàn ní Ìlú Àǹtónì Mímọ́

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé, ẹnu mi ò sì tíì padé. Gbogbo ẹni tó bá kí mi kú àbọ̀ ní Okìtìpupa ló ń béèrè bóyá mo rí yìnyín, bóyá òyìnbó kí mi dáadáa, bóyá mo ra bàtà bọ̀. Mi ò rí yìnyín. Ohun tí mo rí ni ahọ́n ènìyàn nínú gíláàsì, ní ọ̀sán gangan, nínú ilé Ọlọ́run, tí tọkùnrin-tobìnrin sì tò síwájú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ pọn omi ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí ọkọ mi ti ń ròyìn rẹ̀ káàkiri ìlú, àbùmọ́ sì ti pọ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe afẹ́ la bá lọ. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, wà ní Igbódìgò, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orímisàn lorúkọ àkọ́bí rẹ̀. Nítorí pé ilé Àgùdà ni ilé wa, Àǹtónì ni Fádà sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ nígbà tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ítálì, ó ní òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó kọ lẹ́tà fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ló dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà pélébé kan dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìlú Pádúà, ìlà mẹ́ta péré: Àǹtónì ọmọ yín ti kú, a ti sin ín síbí, kí Olúwa fún un nísinmi. Kò sọ ohun tó pa á. Kò sọ ọdún tó kú, Ìyá àgbà sì gbà pé láti ìgbà tó ti dákẹ́ ló ti kú, ní ọ̀dọ́. Ìyẹn náà á ti tó ọdún méjìlá sí ìsinsìnyí.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ẹni tó bá kú sájò, tí a ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọn yóò gé bọ̀. Ìyẹn la ó wé sínú aṣọ funfun, tí a ó sin sí ilé bàbá rẹ̀. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìta ló wà. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé ni Ìyá àgbà ti kọ̀ láti ṣọ̀fọ̀, ó ti yàrá Orímisàn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há ìdí aṣọ. Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ó pe ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, “Ọma mi kú lọ́mọdé, ó tún wà n'ìta. Ẹ máà jẹ́ mi kú kó tó wọ ulé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa dé ìlú òyìnbó. Àwa mẹ́rin la lọ: Màmá mi, tó jẹ́ àbúrò Orímisàn, èmi, Dépò ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí kì í jẹ́ kí àwa Àgùdà sinmi, àti Mofẹ́ ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Màmá di aṣọ funfun kan sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, ó fi fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e lórí, èyí tó yà kó tó lọ, tó gbé ẹsẹ̀ kan sórí kẹ̀kẹ́.

Ìkíni àti oúnjẹ

Obìnrin ará Oǹdó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dáre ló gbà wá sílé. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Pádúà, èdè wọn yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ la ti pàdé òyìnbó àkọ́kọ́, bàbá arúgbó kan tó gbé àpò ewébẹ̀ lọ́wọ́. Mofẹ́, ọmọ tí a kọ́, kúnlẹ̀ kí i. Bàbá náà figbe ta! Ó da ewébẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ mi dìde, ó ń wo orúnkún rẹ̀ bóyá ó ti bó. Ó rò pé ńṣe ló ṣubú. Nígbà tí Ìyá Dáre ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì sọ pé àwọn ọmọ-ọmọ òun kì í tilẹ̀ gbé orí sókè kúrò nínú fóònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí di Dépò mú níwájú ṣọ́ọ̀ọ̀bù búrẹ́dì, ó fẹnu kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tún fẹnu kàn án ní tòsì. Ọ̀rẹ́ Ìyá Dáre ni. Ọkọ mi dúró gbagidi bí òpó, ó ń wojú mi bóyá kí òun sá tàbí kí òun dúró. Mo ní kó dúró.

Ti oúnjẹ ló wá burú jù. Wọ́n gbé nǹkan kan wá fún wa, ó yí lórí àwo, ó pọ́n, ó ń yọ ooru. Gbogbo wa pariwo “ẹ̀bà!” lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàdo ni, wọ́n ro ó bí ẹni ń ro púpurú, ṣùgbọ́n kò ní ọbẹ̀ gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran kan tí wọ́n fà ya wẹ́wẹ́ bí òwú ni wọ́n bù lé e lórí. Dépò jẹ ẹran náà, ó fá àwo, ó ní ẹran yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ màlúù rárá. Ìyá Dáre ní òótọ́ ni, ẹṣin ni. Ẹṣin! Ọkọ mi dìde, ó bọ́ síta, a ò sì rí i fún bí ìdajì wákàtí. Láti ọjọ́ náà títí a fi padà, búrẹ́dì àti ẹja panla tí Màmá gbé láti ilé ló ń jẹ.

Ahọ́n

Ìyá Dáre ní kí a kọ́kọ́ lọ kí Àǹtónì Mímọ́ kí a tó lọ sí itẹ́ òkú, nítorí ẹni mímọ́ náà ló ń bá ènìyàn wá ohun tó sọnù. Inú Màmá dùn. Láti kékeré ló ti ń pe orúkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, tàbí tí ewúrẹ́ ò bá wálé. Lójú tirẹ̀, ilé ọ̀rẹ́ ló ń lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà tóbi débi pé ọrùn ń dun ni láti wo òkè rẹ̀. A bá wọn tò. Obìnrin tó wà níwájú mi gbé ọmọ ọwọ́, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa wọ aṣọ eré bọ́ọ̀lù. Nígbà tó kàn wá, mo gbójú sókè, mo rí wúrà tí wọ́n ṣe bí ilé kékeré, gíláàsì wà láàárín rẹ̀, nǹkan dúdú kan sì wà nínú gíláàsì. Mo béèrè ohun tó jẹ́.

Ìyá Dáre ní, “Ahọ́n Àǹtónì Mímọ́ ni. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ náà wà níbẹ̀.”

Mofẹ́ sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ahọ́n ènìyàn! Ìyá Dáre ṣàlàyé pé wọ́n ti sin ín fún ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí pósí rẹ̀, ara ti di erùpẹ̀, ahọ́n nìkan ló wà bó ṣe wà, wọ́n ní nítorí ìwàásù rẹ̀ ni.

Dépò rọra sọ sí mi létí pé, “Ní ìjọ tiwa, bí òkú bá ti sùn, a máa ń jẹ́ kó sùn ni.”

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ṣùgbọ́n Màmá kò gbọ́ wa. Ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ó ń tọ́ka sí orúkọ ìlú kan, ó bi Ìyá Dáre kí ni ìlú yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ìyá Dáre ní ibẹ̀ ni wọ́n bí Àǹtónì Mímọ́ sí, ní ilẹ̀ Potogí. Àlejò ni ní Pádúà. Ìrìn-àjò ló bá wá kó tó kú.

Ojú Màmá là. “Háà! Ó ti yé mi. Ó kú sájò! Èyí ni wọ́n mú lára rẹ̀ láti gbé relé. Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e lọ fún ìyá rẹ̀?”

Kò ṣàwàdà o. Ìyá Dáre kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó wo ojú Màmá, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rin ọdún, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e lọ síbì kankan, pé ìlú Pádúà ló ni ín.

Mo ti mọ ìyá mi ní gbogbo ayé mi, mi ò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. “Ẹgbẹ̀rin ọdún! Wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ pa mọ́ fún ẹgbẹ̀rin ọdún! Ìyá tó bí i ńkọ́?”

A mú un lọ síbi ibojì ẹni mímọ́ náà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta tútù, tí wọ́n sì to fọ́tò àwọn ọmọ wọn, àwọn aláìsàn wọn, mọ́tò tó run tí ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sunkún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màmá ò gbé ọwọ́ lé e. Ó dúró lókèèrè, ó ń bá òkúta wí ní èdè Ìkálẹ̀ wa pé, “Ìwọ náà, o ò bèèrè ulé?”

Lọ́jọ́ náà la tún dé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tí wọ́n ní òkú Lúùkù tó kọ ìwé ìhìnrere wà. Màmá béèrè bóyá òkú náà pé. Wọ́n ní kò pé, orí rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Màmá ní kí a máa relé. Ó ní orí níbì kan, ara níbì kan, òun ò lè gbọ́ irú rẹ̀ mọ́, Olúwa má jẹ́ kí wọ́n pín ènìyàn òun.

Itẹ́ òkú

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta la lọ. A ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irun àti èékánná ti kọjá. Ìyá àgbà ti sọ fún wa pé bí kò bá sí èyíkéyìí, kí a bu erùpẹ̀ orí ibojì rẹ̀ bọ̀. Nítorí náà Màmá gbé aṣọ funfun náà dání, ó gbé ṣíbí kan láti ilé ìdáná Ìyá Dáre.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣí ìwé ńlá, ó rí orúkọ náà. Ó mú wa rìn láàárín òdòdó àti àwòrán àwọn òkú tó ń rẹ́rìn-ín lára òkúta. Ó dúró síwájú ibojì kan. Orúkọ obìnrin ló wà lórí rẹ̀.

Ìyá Dáre bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yíjú sí wa, mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Ní ìlú náà, ilẹ̀ kò tó. Bí òkú bá ti lo ọdún bíi mélòó kan, wọn á hú u. Bí ẹbí bá wá, wọn á kó eegun rẹ̀ sínú àpótí kékeré fún wọn. Bí kò bá sẹ́bí, wọn á dà á sínú ibì kan náà pẹ̀lú ti gbogbo ẹni tí kò lẹ́nìkan. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ibojì Orímisàn fún oṣù púpọ̀ pé kí ẹbí rẹ̀ yọjú. Ta ló máa kà á fún wa ní Igbódìgò?

Wọ́n hú òkú! Wọ́n fi ahọ́n ẹnìkan sínú wúrà, wọ́n sì da ẹ̀gbọ́n ìyá mi sínú kòtò pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí. Màmá jókòó sórí ilẹ̀ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀, ó sáré gbé àga wá, ó gbé omi wá, ó ń sọ ohun kan léraléra. Ó ń tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló ṣe é. Dépò ọkọ mi, tí àwàdà kì í tán lẹ́nu rẹ̀, lọ dojú kọ ògiri.

Ọkùnrin náà mú wa dé ibi eegun àjùmọ̀sin náà, òkúta fífẹ̀ kan ni wọ́n fi bò ó. Níwájú rẹ̀, ìkòkò gíláàsì kan wà tí òdòdó ofeefee tútù wà nínú rẹ̀, pálí kékeré kan sì fara tì í tí wọ́n fi ọwọ́ kọ orúkọ sí: Antonio. Mo bi í pé ta ló gbé e síbẹ̀. Ó ní ìyá arúgbó kan ni, Lúsíà lorúkọ rẹ̀, kì í pa ọjọ́ Jímọ̀ kan jẹ, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí afárá.

Òòyà

Yàrá méjì péré ni Lúsíà ń gbé. Ó ti fi pákó fèrèsé dí oòrùn, ilé ṣókùnkùn díẹ̀, ó ń rùn fún kọfí. Nígbà tí Ìyá Dáre sọ ẹni tí a jẹ́, ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó di ojú Màmá mú, ó ń wo imú rẹ̀, ó ń wo iwájú orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo gbójú sí ara ògiri. Ìyá Olúwa wà níbẹ̀, Àǹtónì Mímọ́ wà níbẹ̀ tòun ti Jésù kékeré lápá. Láàárín àwọn méjèèjì, àpótí kékeré kan wà tó ní gíláàsì níwájú, fìtílà ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀. Òòyà ló wà nínú rẹ̀. Òòyà dúdú, eléyín gbàgà, irú èyí tí a fi ń ya irun wa. Irun ṣì wà láàárín eyín rẹ̀.

Dépò ní, “Jésù! Wọ́n ti sọ ẹ̀gbọ́n Màmá di ẹni mímọ́!”

Lúsíà jókòó, ó ròyìn. Orímisàn ò di dókítà. Ilé-ìwé kò ṣe é ṣe, ó sì wá iṣẹ́ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ Lúsíà fi dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun, àfi Antonio, nítorí orin tó máa ń kọ nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́. Lúsíà kọ díẹ̀ nínú orin náà fún wa. Ohùn rẹ̀ ò já gaara, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n Màmá bá a parí rẹ̀. Orin tí Ìyá àgbà fi ń wẹ ọmọ ni.

Ó ní ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Òun ló ní kí Fádà kọ lẹ́tà yẹn sí wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ hú u, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó eegun rẹ̀ fún òun, wọ́n ní kì í ṣe ẹbí. Òòyà yìí ló kù. Àwọn ará àdúgbò máa ń wá bá a gbàdúrà síwájú rẹ̀ bí ara àgbà wọn ò bá yá. Fádà ti ní kó gbé e kúrò, ó ní Póòpù ò mọ Antonio ní ẹni mímọ́. Lúsíà ní Póòpù ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, òun ló mọ̀ ọ́n.

Màmá béèrè pé kí ló dé tí kò fi kọ̀wé sílé. Lúsíà ní ó máa ń sọ pé dókítà ni wọ́n ń retí nílé, pé bí òun bá ní ìròyìn rere, òun á kọ̀wé.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Màmá ti ń pe ọkùnrin yìí ní aláìmoore. Ó fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí Ìyá Dáre sọ fún un pé irun náà la wá gbà, gbogbo rẹ̀. Lúsíà dìde, ó dúró síwájú àpótí, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i. “Nò,” ó ní. Èyí kò nílò ògbufọ̀. Màmá náà dìde. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rù bà mí, mo ń ro bí a ó ṣe wọ Igbódìgò lọ́wọ́ òfo, mo ń ro ìyá tó ń retí.

Màmá rọ ohùn rẹ̀. Ó ní, “Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.”

Ọwọ́ Lúsíà wálẹ̀. Ó bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó gbé òòyà jáde, ó fi abẹ́rẹ́ fa irun náà yọ sórí àwo pẹrẹsẹ kan. Kò tó ohun tó lè kún ìka. Lẹ́yìn náà ló fi ìka rẹ̀ pín in sí méjì.

Mo ń retí kí Màmá pariwo. Kò pariwo. Ó wo ìdì méjèèjì, ó sì fi ìka ara rẹ̀ ti ọ̀kan padà sọ́dọ̀ Lúsíà. Ó yọ fọ́tò Orímisàn tó gbé ẹsẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó gbé e sínú àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòyà. Omijé àti òkùnkùn yàrá náà ò jẹ́ kí a ríran dáadáa, Màmá kàn wé ìdì tiwa sínú aṣọ funfun ni, ó so ó le, ó fi há àyà. Kò sí ẹni tó tún tú u títí a fi délé.

Kí a tó kúrò ní Pádúà, ó ní kí a mú òun padà lọ sọ́dọ̀ Àǹtónì Mímọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló sọ fún un. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ kó máà bínú ni.

Igbódìgò

Ìyá àgbà wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé, ègé ẹ̀gẹ́ wà níwájú rẹ̀ nínú oòrùn. Ó ti rù. A kúnlẹ̀. Kò bi wá léèrè ìlú òyìnbó, kò bi wá léèrè ohunkóhun.

Ó ní, “Ẹ mú un ghá?”

Màmá tú aṣọ funfun náà sórí itan rẹ̀. Ìyá àgbà mú irun náà, ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ya á, okùn kọ̀ọ̀kan. Funfun. Òmíràn, funfun. Dúdú kan. Funfun mìíràn. Ìgbà yẹn làwa náà tó rí i.

“Ewú lèyí,” ó ní. Ó wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ọma mi hewú?”

Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọma mi hewú!” Ìyá tó ti ń ro pé ọ̀dọ́ ló kú mọ́ òun lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, àwọn aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sunkún, àgbàlagbà ló wọlé, kí wọ́n sin ín bí àgbàlagbà. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yàrá náà yọ nídìí aṣọ, ó jù ú sí mi. Lẹ́yìn náà ó ṣí gèlè rẹ̀, ó gbé irun náà sí ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀, ó ní kí Mofẹ́ wò ó dáadáa.

“Ó jọ tèmi?”

Mofẹ́ ní ó jọ ọ́.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, Dépò ti gbẹ́ ilẹ̀ tán lẹ́yìn ilé, Fádà ti dé. Màmá na aṣọ funfun náà sí i kó dá irun padà. Ìyá àgbà dá a padà, ṣùgbọ́n ó ti yọ okùn funfun kan ṣoṣo, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ta á ní kókó.

Ó ní, “Ẹ lọ sin ìyókù.”